Ẹ má gbá ewé sójú títì

Wọ́n ní ní Madison, ìlú kan ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ká gbá ewé ìgbà ìwọ́wé sójú títì, òjò á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin mọ́. Rárá o. Gọ́tà òjò kì í débẹ̀. Inú adágún bíi Mendota àti Monona ló ń dà sí tààrà. Bí òjò bá sì ti rẹ ewé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú irúgbìn dàgbà, á jáde lára rẹ̀ bí omi àgbo, á sì máa bọ́ ohun aláwọ̀ ewé tó ń bo ojú adágún. Ìwádìí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, ti 2016 fi hàn pé níbi tí wọ́n ti kó ewé tí wọ́n sì gbálẹ̀ kí òjò tó rọ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi gọ́tà fi ìdá 84 nínú 100 dín kù. Orí koríko ẹ̀gbẹ́ títì ni kẹ́ ẹ kó o jọ sí, kẹ́ ẹ yọ ẹ̀ka igi kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbá etí gọ́tà: ibẹ̀ gan-an ni ewé ti ń rẹ jù.