Bọ́ọ̀dù ńlá ni kẹ́ ẹ rà, kẹ̀kẹ́ ológeere á gbé e

Ẹ̀yin èèyàn mi, èrò ọkàn mi rèé o. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ sọ́ọ̀fù, ìyẹn kéèyàn máa gun ìgbì òkun lórí bọ́ọ̀dù, èyí tó gùn tó sì fẹ̀ ni kó rà, kó má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi "báwo lo ṣe fẹ́ gbé e" dẹ́rù bà á. Mò ń rí àwọn tó ń ta òkìrìkà bọ́ọ̀dù lórí fóònù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n á ní ẹ ra kékeré, á wọ búùtù, á wọ márúwá, kò ní yọ yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an, torí ẹni tí ò tíì mọ nǹkan kan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Bọ́ọ̀dù bí ẹsẹ̀ bàtà 6 tẹ́ ẹ rí lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó díje ní Olympics, ti Japan lọ́dún 2021 tí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ́ọ̀fù sí i àti ti Paris lọ́dún 2024 tí wọ́n ṣe sọ́ọ̀fù tiẹ̀ ní erékùṣù Tahiti, iṣẹ́ ẹni tó ti gbówọ́ nìyẹn. Kì í léfòó púpọ̀. Tó o bá dùbúlẹ̀ lé e yóò rì díẹ̀, wàá máa fọwọ́ wà á, wàá máa wà á, apá á ti kú, ìgbì á sì ti kọjá lọ ní tiẹ̀. Àmọ́ ti fóòmù tó tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ìgbì tó ti fọ́, tó ń hó funfun bọ̀ létí òkun, ìyẹn gan-an á tì í lọ, wàá ráyè dìde dúró. Tó bá sì wá gbá ẹ lórí, kò lè dà bí èyí tó le.

Àwọn kan á ní kí lọmọ Ìlọrin fẹ́ fòkun ṣe, pé nǹkan òyìnbó ni. Kì í ṣe nǹkan òyìnbó rárá, aláwọ̀ dúdú ti ń gbé pákó wọ òkun tipẹ́. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Michael Hemmersam kọ ọ́ sílẹ̀ láwọn ọdún 1640 pé ní etíkun tó di Gáná lónìí, àwọn òbí máa ń so ọmọ wọn mọ́ pákó, wọ́n á jù wọ́n sínú omi kí wọ́n lè mọ ìwẹ̀. Lóòótọ́ Èkó jìn sí wa, ó tó 300 kìlómítà, téèyàn bá sì dé Èkó ó ṣì máa wọkọ̀ ojú omi kó tó dé Tarkwa Bay, etíkun tí wọ́n ti ń sọ́ọ̀fù. Ìdí tí mo fi ní ká ní bọ́ọ̀dù sílé níbí nìyẹn. Torí dídìde dúró yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ni. Kéèyàn dojú bolẹ̀ kó máa fọwọ́ wa omi ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, apá àti èjìká ló sì ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà. Ìyẹn ò nílò òkun, púùlù òtẹ́ẹ̀lì tó. Mo bá máníjà kan sọ ọ́ ní GRA, ó ní kí n máa wá láàárọ̀ kí èrò tó dé, Alihamdulilahi.

Bọ́ọ̀dù wá gbọ́dọ̀ ti Tánkè dé GRA. Wẹ́dà kan ní Sawmill ló bá mi ṣe irin tó ń gbé e lára kẹ̀kẹ́ ológeere mi: ó gé páìpù tín-ín-rín méjì, ó tẹ orí wọn sókè, ó jó ọ̀kan mọ́ irin abẹ́ ìjókòó, ó jó èkejì mọ́ káríà ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀dù á fẹ̀gbẹ́ jókòó sórí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. A fi túùbù àlòkù wé páìpù náà kó má baà gé fóòmù, rọ́bà dúdú táwọn fọganáísà máa ń gé fún àwọn tó ń dẹrù la sì fi ń so ó, torí ó ń fà, kì í sì í yọ̀ bíi ti okùn ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi kọ́tà, kí ọkọ̀ tó ń ya yín sílẹ̀ má fara kàn án. Abẹ́ ẹ̀, níbi tí ìyẹ́ mẹ́ta tó yọ síta bíi ti ẹja wà, ni kó kọjú síta, kó má máa ha yín lẹ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún sósì títí dópin, kẹ́ ẹ wa pẹ́dà yípo, tí orúnkún bá kàn án, ẹ sún un sẹ́yìn.

Atẹ́gùn lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, wàláì. Tí tírélà bá kọjá, á kọ́kọ́ tì yín, á wá fà yín padà. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tì í. Kéèyàn há a sábíyá kó máa fi ọwọ́ kan wa kẹ̀kẹ́, mi ò fara mọ́ ọn láéláé. Ẹ fi aṣọ funfun bò ó pẹ̀lú, oòrùn wa yìí lè jẹ́ kí fóòmù bó.

Ẹni tí ò bá mọ ìwẹ̀, kó lọ kọ́ ìyẹn ná. Tó bá dókun, kó so okùn bọ́ọ̀dù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kó dúró níbi tómi ò ti kọjá ìbàdí, tómi bá sì ń wọ́ ọ lọ sáàárín, kó má bá a jà, ẹ̀gbẹ́ ni kó wẹ̀ gbà títí yóò fi bọ́ nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ajásẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá Ìlọrin torí irin yìí. Wẹ́dà tó bá lè ṣe géètì á ṣe é, ẹ ṣáà gbé bọ́ọ̀dù àti kẹ̀kẹ́ dání kó fi wọ̀n ọ́n.