Béárì kì í jó: okùn imú ló ń gbé e dìde

Fídíò yẹn tún ti dé. Béárì dúdú kan dúró lórí ẹsẹ̀ méjì létí títì ní Íńdíà, ọkùnrin kan ń gbọn ìlù kékeré sí i létí, béárì ń mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì. Àwọn èèyàn wa wá ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo bó ṣe ń gbádùn ara rẹ̀! Ìlù ò mọ èèyàn, kò mọ ẹranko." Ẹnìkan tilẹ̀ ní Ọlọ́run ló dá ijó mọ́ béárì. Ó ti sú mi láti máa ka ọ̀rọ̀ yìí. Béárì kì í jó. Ẹranko tí wọ́n so okùn mọ́ ojú egbò rẹ̀ ni ẹ ń wò.

Ẹ padà sí fídíò náà, kí ẹ pa ohùn rẹ̀. Ẹ fi béárì sílẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin náà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ọwọ́ kan ń gbọn ìlù olójú méjì tí wọ́n ń pè ní damru, èyí tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, tí wọ́n so kókó mọ́ okùn rẹ̀, tí kókó náà ń gbá awọ bí ọwọ́ bá ṣe ń yí. Ọwọ́ kejì di okùn mú. Okùn yìí kò lọ sí ọrùn bíi ti ajá. Imú ló wọ̀. Bí ọwọ́ bá fà á sókè, béárì á dìde. Bí ọwọ́ bá yà sọ́tùn-ún, orí béárì á yà sọ́tùn-ún, ara á tẹ̀ lé orí, ẹsẹ̀ á wá kẹ́yìn. Bí okùn bá dẹ̀, béárì á bọ́ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kódà bí ìlù ṣì ń dún. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń jó, kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn kọ́ wa. Ijó máa ń ti ìbàdí àti ẹsẹ̀ wá, ìlù ló sì ń darí rẹ̀. Ti béárì yìí, láti imú ló ti ń wá. Kódà ètè tó fẹ́ yẹn, tí ẹ ń pè ní ẹ̀rín, okùn ló fà á sókè tí eyín fi hàn.

Báwo ni okùn ṣe dé ibẹ̀? Ní Íńdíà, àwọn ẹ̀yà Kalandar ló ń fi béárì ṣiṣẹ́ jẹun tẹ́lẹ̀, láti ayé àwọn ọba Mughal tí wọ́n ń dá lára yá láàfin. Ọmọ béárì tí kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tó jí i gbé nínú ihò. Abo béárì kì í yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ láìjà, nítorí náà wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pa á. Bí ọmọ náà bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n á dì í mọ́lẹ̀, wọ́n á fi irin tó ti pọ́n nínú iná gún imú rẹ̀ já, láìsí oògùn apàrora kankan. Inú ihò yẹn ni wọ́n ń ki okùn bọ̀. Bí ojú ihò náà bá jinná, tí awọ ibẹ̀ yi, okùn ò ní lágbára lórí béárì mọ́. Agbára okùn náà wà nínú kí egbò má san. Okùn á máa ha á lójoojúmọ́, á ṣe oyún, ìdin á wọ̀ ọ́. Ìgbà mìíràn wà tí ẹran imú máa ń já pátápátá, wọ́n á sì tún gún ibòmíràn. Wọ́n á fi irin gbá eyín rẹ̀ ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, wọ́n á gé èékánná rẹ̀, kó má baà rí nǹkan kan fi gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí imú jẹ́ fún irú béárì Íńdíà yìí, tí wọ́n ń pè ní sloth bear, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ká mi lára jù. Ikán àti eèrà ni olórí oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú oyin àti èso igbó. Á fi èékánná gígùn tú òkìtì ikán, á fẹ́ erùpẹ̀ kúrò, á pa ihò imú rẹ̀ dé kí ikán má baà kó wọ̀ ọ́, á wá na ètè rẹ̀ gígùn, á sì fa ikán wọ ẹnu tagbáratagbára débi pé èèyàn tó wà lókèèrè máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Eyín iwájú méjì kò sí lókè ẹnu rẹ̀. Àlàfo yẹn ló ń gbà fa ikán. Ẹ̀yà ara tó fi ń wá oúnjẹ, tó fi ń gbóòórùn ewu, tó fi ń mọ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n lu ihò sí. Wọ́n á wá máa fún un ní búrẹ́dì, ìrẹsì àti mílíìkì. Eyín tó kù á jẹrà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fọ́jú, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ń mú wọn.

Ẹsẹ̀ tó ń gbé sókè ńkọ́? Ẹ̀kọ́ iná ni. Ìlú Smorgon, tó wà ní Belarus òde òní, gbajúmọ̀ láyé àtijọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ béárì tó wà lábẹ́ àwọn ìjòyè ìdílé Radziwill. Bí àwọn tó kọ nípa rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ nìyí: ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń kó béárì sí jẹ́ irin, wọ́n sì ń dáná sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi nǹkan di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kó má baà jó, wọ́n á fi ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀ lásán. Bí irin bá gbóná, ẹsẹ̀ iwájú ò ní lè dúró nílẹ̀, béárì á dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìlù á sì máa dún ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn tó ń sin béárì ní ìhà Bùlùgáríà náà lo irin gbígbóná. Ohun èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní gadulka ni wọ́n ń ta sí i. Ẹ rántí bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe tí èèyàn bá bọ́ bàtà tẹ títì ọlọ́dà lọ́sàn-án gangan. Ìgbésẹ̀ kan náà nìyẹn, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kò sí iná mọ́, àmọ́ bí orin bá ti dún, ara béárì á ti rántí, ẹsẹ̀ á gbéra. Ọ̀nà kan náà ni ajá Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, gbà ń da itọ́ kí oúnjẹ tó dé, bó bá ti gbọ́ ìró tí wọ́n máa ń mú dún kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń sin béárì ló lo iná. Àwọn kan lo ṣúgà, ọtí àti igi. Okùn tàbí òrùka imú kò yẹ̀ lára béárì wọn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi ni èyí: ẹ mú ìlù kúrò, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti mú un kúrò. Ní ọdún 2000, àjọ FOUR PAWS àti àjọ Brigitte Bardot, tí wọ́n ń gbèjà ẹranko, ṣí ọgbà kan fún àwọn béárì wọ̀nyí nítòsí Belitsa, lórí àwọn òkè Rila ní Bùlùgáríà. Ọdún 2007 ni wọ́n kó mẹ́ta tó gbẹ̀yìn débẹ̀. Igi wà níbẹ̀, omi wà, ihò tí wọ́n lè sùn sí wà. Kò sẹ́ni tó ń ta gadulka. Síbẹ̀ àwọn kan ń mì sọ́tùn-ún mì sósì, lójú kan náà, fún àkókò gígùn. Àwọn mìíràn á dìde lórí ẹsẹ̀ méjì bí wọ́n bá ti rí èèyàn. Ẹ lọ wo béárì tó dàgbà nínú àgò oníkọnkéré, tí kò gbọ́ ìlù rí láyé rẹ̀. Ó ń mì bákan náà. Ẹ wo erin tí wọ́n fi ṣéènì so lẹ́sẹ̀; òun náà ń mì. Ara tó wà ní ìgbèkùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ orin ló fà á ni, ibi tí orin kò sí kò yẹ kó ti máa ṣẹlẹ̀. Bí oṣù sì ṣe ń gorí oṣù, mímì yẹn ń dín kù lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń wẹ̀, àwọn kan tí kò sun oorun òtútù rí tẹ́lẹ̀ sì ń kọ́ ọ. Ijó tí orin bá mú dùn mọ́ni kì í kúrò lára bí ara ṣe ń yá.

Wọ́n á ní béárì inú igbó náà ń dìde. Ó ń dìde lóòótọ́, nítorí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀ bíi tiwa. Á dìde gbóòórùn, á dìde wò ọ̀nà jíjìn, á fi ẹ̀yìn ha igi kí òórùn rẹ̀ lè kù síbẹ̀, á sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ẹyẹ kan ń bá ìlù rìn. Bẹ́ẹ̀ ni: ẹyẹ ayékòótọ́ funfun kan tó ń jẹ́ Snowball ni wọ́n dán wò, tí ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2009, bí wọ́n ṣe ń mú orin yá tàbí falẹ̀, ó ń bá a lọ. Kò sí okùn ní imú Snowball.

Àwòrán ayé àtijọ́ náà dá kún ìtànjẹ yìí. Ní nǹkan bí 1870, William Holbrook Beard ya béárì tó ń jó ní agbo nínú igbó, láìsí ẹnikẹ́ni tó ń darí wọn. Àwòrán ẹlẹ́wà ni, àmọ́ inú orí ayàwòrán ló ti wá. Àwọn tó ya ohun tí ojú wọn rí, ẹ wo imú béárì nínú iṣẹ́ wọn: ìjánu, òrùka, ṣéènì. Kódà lára aṣọ Bayeux, aṣọ gígùn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya ìtàn ogun sí ní ọ̀rúndún 11, wọ́n so béárì tó wà ní etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ó rọrùn fún wa láti gba àwòrán gbọ́, nítorí inú ìtàn Èlíṣà ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ béárì. Kò sí nínú igbó kankan ní Áfíríkà lónìí. Àmọ́ ẹni tó ti rí àwọn tó ń fa ìkookò onídè-ẹnu kiri ọjà ní Nàìjíríà ti mọ ohun tí ṣéènì ń ṣe.

Wọ́n á tún ní àṣà ni. Òfin Íńdíà ti ń dáàbò bo ẹranko igbó láti 1972, àwọn Kalandar fúnra wọn sì ti fà béárì sílẹ̀. Àjọ Wildlife SOS gba ohun tó lé ní 600 lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún wọn lówó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn, wọ́n rán ọmọ wọn lọ sílé ìwé. Béárì tí wọ́n pè ní èyí tó gbẹ̀yìn ní Íńdíà bọ́ lọ́wọ́ okùn ní December 2009. Ọ̀pọ̀ fídíò tí ẹ ń pín kiri ti pẹ́ jù yẹn lọ.

Ní Nepal, December 2017 ni wọ́n tó gba méjì tó kù, Rangila àti Sridevi. Rangila jẹ́ ọmọ ọdún 19, Sridevi jẹ́ 17. Nígbà tí wọ́n rí wọn, wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn, wọ́n ń fa àtẹ́lẹsẹ̀ wọn mu, wọ́n sì ń súnra kì bí èèyàn bá ti sún mọ́ wọn. Sridevi kú sí ọgbà ẹranko ní Kathmandu. Ní 2018 wọ́n gbé Rangila lọ sí ọgbà béárì ní Agra, ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń fi oyin pamọ́ sínú ihò igi kí àwọn béárì lè máa fi imú wá a.