IP address kì í ṣe ojúlé ẹnikẹ́ni

“Mo ti rí IP address ẹ. Mo ti mọ ilé tó ò ń gbé. Máa retí mi.”

Ẹni tó bá ti bá èèyàn tahùn síra lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí á ti gbọ́ irú ìhàlẹ̀ yìí. Àbúrò kan ládùúgbò wa ní Kubwa, l'Abuja, gbà á láìpẹ́ yìí nítorí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó yọ síìmù, ó pa fóònù, ó tún kìlọ̀ fún ìyàwó ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún àjèjì. Nítorí Arsenal o!

Ìgbàgbọ́ yẹn kan náà ló wà nídìí ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti bán IP mi. Fóònù yìí ti lọ nìyẹn, ẹ bá mi wá òmíràn.” Àwọn kan tiẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn pé àwọn á ki IP tuntun sínú fóònù. Èrò wọn ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló lẹ IP address mọ́ ọn lára, pé nọ́ńbà náà ló ń júwe ẹni tó ni fóònù àti ilé tó ń sùn. Irọ́ gbuu ni. Nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ́ fóònù lára láti ilé-iṣẹ́ ni IMEI, àwọn ìkànnì tí ẹ ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sì í rí ìyẹn.

IP address jẹ́ nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yá yín lò, kí èsì ohun tí ẹ béèrè lè mọ ọ̀nà padà sọ́dọ̀ yín. Àwọn ló ni ín. Ẹni tó ń wọ along, ọkọ̀ tó ń gbé èrò lójú ọ̀nà, láti Nyanya lọ sí Wuse láràárọ̀, á tètè yé e: bí ẹnìkan bá kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ló mọ̀, kò mọ èrò inú ẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀ ní Berger, ẹlòmíràn á jókòó síbi tí ẹ ti dìde, nọ́ńbà ọkọ̀ kò sì ní torí ìyẹn yí padà.

Ìdí tí a fi ń pín nọ́ńbà lò ni pé wọn ò kárí. Irú IP tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn IPv4, kò ju 4,294,967,296 lọ ní gbogbo ayé, apá kan nínú ẹ̀ ò sì ṣeé lò níta. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011 ni IANA, àwọn tí àpò nọ́ńbà gbogbo ayé wà lọ́wọ́ wọn, pín èyí tó kù fún àwọn ẹ̀ka márùn-ún tó ń bójú tó agbègbè kọ̀ọ̀kan. AFRINIC, tó wà ní Mauritius, ló gba ti Áfíríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ya 100.64.0.0 títí dé 100.127.255.255 sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n lè máa fún àwọn oníbàárà ní nọ́ńbà abẹ́lé, kí gbogbo wọn sì máa gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. Báyìí ni èmi ní Kubwa, àlùfáà kan ní Ìlọrin àti ọmọ yunifásítì kan ní Zaria ṣe lè máa fi nọ́ńbà kan ṣoṣo rìn níta lẹ́ẹ̀kan náà. IPv6, irú IP tuntun tó pọ̀ débi tí kò lè tán, ti wà lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú ìrìnàjò wa nílẹ̀ yìí ṣì ń gba orí IPv4.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ tan dátà, ẹ kọ “what is my IP” sórí Google, ẹ ṣí ọ̀kan nínú ìkànnì tó bá gbé wá, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ẹ fi fóònù sí airplane mode fún ìṣẹ́jú kan, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà mìíràn lẹ máa bá níbẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn kan ń gbowó lé lórí ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn o.

Kí ẹ tó pa ojú ewé yẹn dé, ẹ wo ìlú tó ní ẹ wà. Mo jókòó sórí àga mi ní Kubwa, mò ń gbọ́ tí ọlọ́kadà àti ọlọ́mọge ń yọwó níwájú ilé, fóònù mi ní Èkó ni mo wà. Èkó ni àwọn okùn abẹ́ òkun bíi SAT-3, MainOne, Glo-1 àti WACS ti gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo dátà ní Kánò tàbí Jos fi lè dà bí ará Ìkẹjà lójú ìkànnì tó ń wò ó. Ẹni tó fi IP lépa àbúrò wa yìí, tó bá ṣe bí ọkùnrin, Èkó ló máa já sí.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ẹ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún inú ilé nìkan, àìmọye ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, káàkiri ayé ló sì ń lo 192.168.1.1.

Ẹni tó bá rò pé ojú ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí IP wà kì í tàsé, kí ó gbọ́ ti Potwin, abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. MaxMind, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí IP wà, nílò ojúkò kan tí wọ́n á máa tọ́ka sí nígbà tí wọn ò bá mọ ju pé IP kan wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú ibi tó súnmọ́ àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì ge nọ́ńbà tó ń júwe ibẹ̀ lórí máàpù kúrú kó lè rọrùn. Iwájú ilé àgbẹ̀ kan ló bọ́ sí. IP tó lé ní mílíọ̀nù 600 ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, àwọn agbófinró, àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì àti àwọn tó ń wá ẹrù tí wọ́n jí ń wá kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn tí wọn ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀ kàn wọ́n. Ìgbà tí oníròyìn kan tú àṣírí ẹ̀ lọ́dún 2016 ni MaxMind tó sún ojúkò náà lọ sáàárín adágún omi. Àwọn tó wá kan ilẹ̀kùn yẹn náà, wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́ lójú ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí ohun tí mo sọ yìí ki ọwọ́ bọ wàyó o. Dẹ́rẹ́bà, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, mọ èrò ẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, sọ ní abala 38 pé kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìn dátà àti ti oníbàárà fún ọdún méjì. Tí agbófinró bá gbé IP, aago tí wọ́n lò ó àti nọ́ńbà port (èyí tó ń ya àwọn tó jọ ń lo IP kan sọ́tọ̀) wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè mọ síìmù tó wà lórí ẹ̀ nígbà náà, a sì ti so síìmù mọ́ NIN. Ẹni tó ń bá yín jà lórí bọ́ọ̀lù kò ní àṣẹ yẹn. Ohun tó máa ń fi ilé èèyàn hàn ni fọ́tò tí wọ́n yà sí iwájú géètì, location tí èèyàn ti fọwọ́ sí fún áàpù tí kò mọ̀ dáadáa, àti nọ́ńbà fóònù tó ń fọ́n káàkiri. GPS ni location yẹn ń lò, kò kan IP, ó sì lè mọ ilé yín lóòótọ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù IP yìí kan náà ló ń tẹ “Allow” fún gbogbo áàpù tó bá béèrè.

Ọ̀rọ̀ bán wá kàn. Ó rọrùn fún ìkànnì láti dínà mọ́ IP, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ náà máa ń fara gbá a. Ní ìparí ọdún 2006, Wikipedia dínà mọ́ IP kan nítorí àwọn tó ń ba ojú ewé wọn jẹ́, àṣé nọ́ńbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè Qatar ń gbà jáde ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí i.

Irú ẹ̀ ni wọ́n pè mí sí ní ọ́fíìsì kan ní Garki. Póótàlì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ láti ṣí fún gbogbo wọn láti àárọ̀. Ọ̀gá wọn ti ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Àǹtí tó wà ní àkáǹtì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

“Bọ̀dá, ráútà tí ẹ tà fún wa yìí ò dáa.”

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ bá mi tan dátà fóònù yín, kí ẹ fi ṣí i.”

Ó ṣí wàrà. Kọ́pà tuntun kan ló fi password àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì ń tì í wọlé léraléra láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bójú tó sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú ẹ̀, máa ń lo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Fail2ban. Bí ó ṣe máa ń wà kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe, tí IP kan bá ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó máa tì í síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó wà níbẹ̀ jọ irú ẹ̀: bí ìyà náà bá ṣe ń tán ni kọ̀ǹpútà kọ́pà tún ń dá òmíràn sílẹ̀. A yọ password náà kúrò, a lọ jẹ ìrẹsì, nígbà tí a fi máa dé, ó ti ṣí fún gbogbo wọn.

Nítorí náà, bí ìkànnì bá kọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wò ó. Tó bá ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ IP ni wọ́n dínà mọ́. Ẹ lè dúró kó tán fúnra ẹ̀, ẹ lè pa ráútà kí ẹ tún tàn án tó bá jẹ́ irú èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ máa ń yí, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì, kí ẹ fi nọ́ńbà náà àti aago tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́. Tí kò bá ṣí níbikíbi lẹ́yìn tí ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ yín, àkáǹtì yín ni wọ́n tì pa. Ẹni tó bá wá ń pààrọ̀ IP nígbà náà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ibi tí VPN, ìyẹn áàpù tó ń gbé yín gba orí sáfà ẹlòmíràn kí ẹ tó dé ìkànnì, ti máa ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022, tí ìjọba ní kí wọ́n ti Twitter pa ní Nàìjíríà, VPN ló gba ọ̀pọ̀ wa sílẹ̀. Kì í ṣe Twitter ló lé wa nígbà yẹn, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ló di ọ̀nà, VPN sì gbé wa gba ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti rò pé kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí. Ó ń pa IP yín mọ́ lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ bá ti fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín wọlé, wọ́n ti mọ̀ yín, cookie, àmì kékeré tí wọ́n fi ń dá yín mọ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú fóònù lọ́jọ́sí náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì mọ IP àwọn VPN dáadáa, torí inú ilé sáfà ni wọ́n ti ń jáde, wọn kì í sì í gbà wọ́n wọlé. Ní ti èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tó ni ín ti bọ́ sípò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín wà tẹ́lẹ̀, ó ń rí àwọn ìkànnì tí ẹ ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ rí owó sáfà san níbìkan. Èmi ò ní fi irú ẹ̀ ṣí áàpù báǹkì láé.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ IP kàn gbọ̀ngbọ̀n kò pọ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ àti àwọn kan nínú estate tí wọ́n sanwó fún static IP, pàápàá kí wọ́n lè máa wo kámẹ́rà ilé láti ọ̀nà jíjìn, tiwọn kì í yí padà, àwọn nìkan ló sì ń lò ó. Tí ìkànnì bá bán irú ẹ̀, airplane mode ò lè ṣe nǹkankan, àfi kí wọ́n kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ nọ́ńbà náà lè gba orí ẹ̀ kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà yẹn tààrà láti ibikíbi láyé. Mo ti bá èyí tó pọ̀ ní Gwarinpa àti Lugbe tí password ẹ̀ ṣì jẹ́ “admin”, bó ṣe wà láti inú páálí.