Èló ni kí oníṣẹ́ oṣù mẹ́fà kọ sí fọ́ọ̀mù kírẹ́díìtì káàdì?

Ayàwòrán Ìjàpọ̀: Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbà mí sí níléeṣẹ́ kan ní Ọ̀bà-Ilé. 95,000 náírà ló wà nínú ìwé, 86,000 ló ń wọ àkáǹtì. Oṣù mẹ́rin ti lọ, ó ku méjì. Mo tún ń ya fọ́tò òde ní Sátidé, ìyẹn ń mú nǹkan bíi 30,000 wá lóṣù. Fọ́ọ̀mù kírẹ́díìtì káàdì ń béèrè iye tó ń wọlé fún mi lóṣù àti lọ́dún. Kí ni kí n kọ?

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Gbèsè ò dáa, ọmọ mi. Ṣebí o ní ATM lọ́wọ́?

Ọmọ Òkè-Àró: Kò le rárá. 86,000 pẹ̀lú 30,000, ó di 116,000. Sọ ọ́ di ọ̀nà méjìlá, ó di 1,392,000. Kọ ọ́ síbẹ̀, kó o buwọ́ lù ú.

Akọ̀wé Alágbàká: Àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì ni báńkì máa kà. Lọ gba ti oṣù mẹ́fà, kó o mú bírò pupa. Gbogbo owó tí o fi ránṣẹ́ síra ẹ láti àkáǹtì kejì, fa igi lé e. Owó àjọ tí o kó, fa igi lé e, torí owó tí o ti dá tẹ́lẹ̀ ló padà wá. Owó tí o yá, fa igi lé e. Èyí tí POS gbé tó tún dá padà, tí wọ́n kọ REV sí lára, fa igi lé òun náà. Ohun tó bá kù ni kó o rò pọ̀, kó o wá pín in sí mẹ́fà.

Tìẹ rèé: oṣù mẹ́rin lọ́nà 86,000 jẹ́ 344,000. Fọ́tò oṣù mẹ́fà, ká ní ó jẹ́ 180,000. Àpapọ̀ 524,000. Pín in sí mẹ́fà, 87,333 náírà. Ìyẹn ni kó o kọ síbi owó oṣù. Ti ọdún: 86,000 lọ́nà mẹ́fà tó wà nínú ìwé jẹ́ 516,000, fọ́tò lọ́nà méjìlá jẹ́ 360,000. Ó di 876,000.

Ọmọ Òkè-Àró: @Akọ̀wé Alágbàká Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń pín in sí mẹ́fà? Oṣù mẹ́rin péré ló ti fi ṣiṣẹ́! Ẹ kàn ń dín owó ọmọ ọlọ́mọ kù ni.

Akọ̀wé Alágbàká: @Ọmọ Òkè-Àró Oṣù mẹ́fà ni báńkì ní kó mú wá, oṣù mẹ́fà náà ni wọ́n máa pín in sí. Oṣù méjì àkọ́kọ́ tí owó iṣẹ́ ò wọlé wà nínú ìwé yẹn kedere. Kò sí bó o ṣe fẹ́ fi ọwọ́ bò ó. Kó o tún wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1,392,000 tìẹ àti 876,000: 516,000 náírà ni. Owó oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣèlérí ẹ̀ fún un nìyẹn.

Agùnbánirọ̀ Òǹdó: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé 77,000 ìjọba tí à ń gbà náà wà lára owó tó ń wọlé?

Bọ̀dá Yábà Òǹdó: @Agùnbánirọ̀ Òǹdó Ó wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá parí ìsìn ìlú ló parí. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀nà méjìlá bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta péré ló kù fún yín.

Ọmọ Òkè-Àró: Wọ́n máa tún kọ́ńtíráàtì yẹn ṣe. Ibo ni wọ́n ti ń lé òṣìṣẹ́ dáadáa? Bó bá sì níyàwó, kó fi owó tó ń wọlé fún ìyàwó ẹ̀ kún un. Ó wà lórí YouTube, owó tó ń wọlé fún gbogbo ará ilé lápapọ̀ ni wọ́n ń kọ.

Akọ̀wé Alágbàká: @Ọmọ Òkè-Àró Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nínú fídíò yẹn. Lọ́dún 2013 ni wọ́n yí òfin wọn padà níbẹ̀, pé ẹni tó ti pé ọdún 21 lè ka owó ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ mọ́ tiẹ̀, bí ọwọ́ ẹ̀ bá ń tó owó náà lóòótọ́. Ní tiwa níbí, BVN ẹnì kan ni wọ́n máa tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. BVN ìyàwó ò sí nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Bí fọ́ọ̀mù bá ní kó o kọ owó tìẹ, tìẹ nìkan ni.

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Alágbàká yìí, gbogbo nǹkan lẹ máa ń sọ di ti ọ́fíìsì. Ta ló ń ka gbogbo ìyẹn?

Akọ̀wé Alágbàká: Ẹni tó máa fún un lówó ló ń kà á! Bó o bá mọ̀ ọ́n jù báńkì lọ, ìwọ lọ ya á lówó.

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ̀gbọ́n, mi ò bú yín o. Ẹ má bú mi.

Akọ̀wé Alágbàká: Èmi náà ò bú ẹ. Ìṣirò ẹ ni mo ní kò pé.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: GBÈSÈ Ò DÁA!

Bọ̀dá Yábà Òǹdó: Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Iye owó kọ́ ló ń kọ́kọ́ ba fọ́ọ̀mù irú ẹni báyìí jẹ́. Àpótí kékeré tó ń béèrè irú iṣẹ́ ni. Bó bá fi àmì sí ti òṣìṣẹ́ gbére, tí lẹ́tà iléeṣẹ́ sì sọ pé oṣù mẹ́fà, wọ́n máa dá a padà kí wọ́n tó débi owó. Wọ́n máa ń pe iléeṣẹ́ pẹ̀lú, ẹni tó bá gbé fóònù ò mọ irọ́ tí o pa. Kí ó kọ kọ́ńtíráàtì, kí lẹ́tà rẹ̀ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, àti iye owó. Kó sì wo fọ́ọ̀mù dáadáa: bó bá jẹ́ owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kúrò ni wọ́n béèrè, 95,000 ló máa lò fún ìṣirò owó iṣẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó dọ́wọ́, 86,000. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, torí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti pẹ́ńṣọ̀n ti kúrò kí alẹ́ẹ̀tì tó dún.

Ayàwòrán Ìjàpọ̀: Ẹ ṣé gan-an sà. Ọwọ́ làwọn oníbàárà mìíràn ń san owó fọ́tò fún mi o. Ṣé ìyẹn ò bà á jẹ́?

Bọ̀dá Yábà Òǹdó: Owó tí kò gba inú àkáǹtì kọjá, báńkì ò mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ 30,000 lo kọ, tó jẹ́ 12,000 ló hàn, 12,000 ni wọ́n máa gbà. Láti ìsinsìnyí lọ, gbà á nípasẹ̀ tíráńsífà, kó o ní kí wọ́n kọ "owó fọ́tò" sí i. Má kó káàṣì jọ kó o wá sọ ọ́ sí àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó máa jọ owó tí o yá.

Ọmọ Òkè-Àró: Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. 116,000 ló ń wọlé fún un lóṣù yìí, òótọ́ sì ni!

Akọ̀wé Alágbàká: Ó jẹ́ òótọ́ lóṣù yìí. Kò jẹ́ òótọ́ lóṣù kẹta sí i. Káàdì ò sì ní kú pẹ̀lú kọ́ńtíráàtì. Bí wọ́n bá gba 116,000 tìẹ gbọ́, òṣùwọ̀n gbèsè tí wọ́n máa fún un, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tó lè ná lórí káàdì, á tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ báńkì ò fẹ́ kí gbèsè oṣooṣù kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé. Ìdá kan nínú mẹ́ta 116,000 lé ní 38,000. Fọ́tò nìkan ò lè san ìyẹn, 30,000 ni gbogbo ohun tó ń mú wá. Bó bá wá lọ fi káàdì náà gba káàṣì ní ẹnu ẹ̀rọ, èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í dúró de òpin oṣù.

Bọ̀dá Yábà Òǹdó: Ẹ tún fi GSI kún un, ìyẹn àṣẹ tí báńkì fi ń gba gbèsè wọn padà. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbà kí báńkì tó yáni lówó lè yọ ojú owó àti èlé nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó so mọ́ BVN ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ báńkì mìíràn. Owó fọ́tò tí oníbàárà fi ránṣẹ́ láàárọ̀ lè má dọ́sàn-án. Orúkọ á tún dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ ìtàn gbèsè èèyàn sílẹ̀: CRC, FirstCentral tàbí CreditRegistry. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje.

Bí wọn ò bá fún un nítorí kọ́ńtíráàtì, kó béèrè bóyá wọ́n ní káàdì tí wọ́n ń fi owó tí a tì mọ́lẹ̀ dúró fún. Á ti owó sí àkáǹtì, wọ́n á fi òṣùwọ̀n káàdì lé e lórí. Ìyẹn kì í sábà gbára lé owó oṣù.

Agùnbánirọ̀ Òǹdó: @Ayàwòrán Ìjàpọ̀ Ẹ ní ẹ ń ya fọ́tò òde? Ṣé ẹ máa ń dé Òǹdó?

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ àbúrò mi ń sọmọ lórúkọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Èló ni fọ́tò ńlá tí wọ́n ń fi gíláàsì bò?

Ọmọ Òkè-Àró: Màmá, ẹ má dá a lóhùn bó bá pín in sí mẹ́fà o 😂

Akọ̀wé Alágbàká: Ọ̀rọ̀ káàdì là ń sọ.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: A ti sọ ọ́, mo ní gbèsè ò dáa. Ayàwòrán, èló?

Ayàwòrán Ìjàpọ̀: Ẹ kú oríire, màmá. Òde ìsọmọlórúkọ láàárín Àkúrẹ́, 25,000, ogún fọ́tò wà nínú ẹ̀. Ti onígíláàsì lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ Òǹdó, owó mọ́tò wà lórí yín.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Gba 18,000. Káàṣì ni mo fẹ́ san.

Ayàwòrán Ìjàpọ̀: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi tíráńsífà san án.