Alágbára Má Mèrò: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Gba Aṣètò Iṣẹ́ sí Ilé-iṣẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Bí a bá pa òwe yìí létí ọmọdé, ẹni tí ó lè dá gbé àpò gàrí lé orí ni yóò rò pé à ń bá wí. Ṣùgbọ́n agbára tí òwe náà ń sọ kì í ṣe ti ara nìkan. Owó jẹ́ agbára. Ẹ̀rọ tuntun jẹ́ agbára. Ogún òṣìṣẹ́ tí ó ń dé ibi iṣẹ́ ní agogo méje àárọ̀ jẹ́ agbára. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ìwọ̀nyí jọ, tí kò sì sí ẹni tí ń ro bí ọ̀kan yóò ṣe tẹ̀lé èkejì, yóò ṣe làálàá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ohun tí yóò kó dé ọjà kò sì ní ju ti ọ̀lẹ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Iléṣà níbí, nínú ilé-iṣẹ́ tí mo fi owó ara mi dá sílẹ̀.

Gàrí ni à ń ṣe, tí a sì ń dì fún títà. Oníbàárà kan béèrè fún ọgọ́ta àpò oní 50 kílò, èyí tí í ṣe tọ́ọ̀nù 3, ó sì fẹ́ kó o láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ra ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po méjì, mo sì pe àwọn obìnrin kún àwọn tí ń bó o. Láàárín ọjọ́ méjì a ti bó ẹ̀gẹ́ tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 13, a ti rin ín, a ti dì í sínú àpò kí ó lè kan kí omi rẹ̀ sì ro, gbogbo ènìyàn sì ń yìn mí. Àṣé ibi tí iṣẹ́ ti há kì í ṣe ibi tí mo ná owó sí. Agbada tí a fi ń yan gàrí kò pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gẹ́ náà ti kan tó bí ó ṣe yẹ kí ó kan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a kò tíì yan án tán. Èyí tí ó kẹ́yìn kan bí ọtí kíkan, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà. Oníbàárà mú ogójì àpò, ó dá ogún padà, kò sì padà wá mọ́. Mo ṣì máa ń rántí bí ogún àpò náà ṣe tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí òórùn wọn gba gbogbo inú ilé.

Ẹni tí ì bá gbà mí lọ́jọ́ náà, tí n kò ní, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń pè ní production planner. Aṣètò iṣẹ́ ni èmi yóò máa pè é. Kì í ṣe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, kì í ṣe akọ̀wé tí ń ka àpò tí ó jáde, kì í sì í ṣe ẹni tí à ń rán lọ sí ọjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú ohun tí oníbàárà béèrè, kí ó kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò wá kó o títí dé ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ yóò kúrò nínú ilẹ̀, kí ó wo ibi tí iṣẹ́ yóò ti há, kí ó sì sọ fún wa kí a tó dé ibẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìṣirò yìí kò ṣe é fi ṣeré, nítorí pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti fà á tu, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ó ní kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. A kò lè rà á pamọ́ bí ẹní ra ìrẹsì pamọ́. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún rẹ̀ ní í di tọ́ọ̀nù kan gàrí, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣi ìṣirò ṣe fún àpò díẹ̀ ti ṣì í fún odidi ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó tó gba aṣètò. Ẹni tí ó ní ààrò búrẹ́dì kan ṣoṣo, tí ó ń ṣe irú búrẹ́dì méjì, tí ó sì mọ gbogbo àwọn tí ń rà á, ìwé kékeré kan àti ìfọkànsí tó o. Ìgbà tí ọjà bá di oríṣiríṣi, tí ohun èlò ń ti ibi púpọ̀ wá, tí ẹni tí ń tajà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlérí tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kò gbọ́ sí, ìgbà náà ni àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gàrí wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù tí a tẹ orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC sí ti tán, tàbí pé náílọ́ọ̀nù kún yàrá tí kò sì sí gàrí, ẹ má ṣe tún bínú sí òṣìṣẹ́ kankan. Kò sí ẹni tí ẹ fi ìrònú náà lé lọ́wọ́ ni.

Mo mọ̀ pé ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ti ka ìwé tán tí kò sì ríṣẹ́. N kò sọ pé kí a má ran ẹbí lọ́wọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ yìí gba kí ènìyàn lè wo ojú ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ kí ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò lè ṣeé ṣe." Ọmọ tí ẹ sanwó ilé-ìwé rẹ̀, tí ó ń dọ̀bálẹ̀ kí yín láràárọ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń pè yín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday láti dúpẹ́, báwo ni yóò ṣe ní kò lè ṣeé ṣe? "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni yóò máa wí, ọjà yóò sì máa bàjẹ́.

Ìwé-ẹ̀rí dára. Àwọn tí ó jáde ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ àti ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Ẹ̀sà-Òkè kò jìnnà sí wa, àwọn kan sì wà ní ìlú yìí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ọtí tí ó ti ń pọn ọtí ní Iléṣà láti 1978, níbi tí a kì í ti fi ojú lásán díwọ̀n nǹkan. Síbẹ̀ ohun tí mò ń wá kò sí nínú ìwé nìkan. Àwọn baba wa tí ó ṣe òṣómàáló, tí wọ́n ń gbé aṣọ ká ìlú onílùú tí wọ́n sì ń tà á láwìn, ọ̀pọ̀ wọn kò ka ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tí àgbẹ̀ yóò ta kòkó, wọ́n mọ ọjọ́ tí wọn yóò lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ta ni, wọ́n sì mọ iye tí ó kù lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Irú orí tí ń fi ọjọ́ àti iye ṣe oúnjẹ jẹ bẹ́ẹ̀ ni kí a wá.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ wo òwe yìí dáadáa. Arọ kò lè sáré, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di pípé. Ohun tí ó gbà á ni pé ó gbọ́ ṣáájú, ó sì ka iye ọjọ́ tí yóò gba òun láti rákò dé ibi ààbò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ṣì ń jókòó. Gbogbo ilé-iṣẹ́ wa ni ó ní ibi tí ó ti rọ. Aṣètò tí ó dára ni ẹni tí ó mọ ibi náà, tí ó sì ń ka ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí ibẹ̀ ṣe lè rìn, kì í ṣe bí ẹsẹ̀ tí ó yá jù ṣe lè sáré.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ gba ènìyàn, n kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò nípa ara wọn. Mo gbé iṣẹ́ ọgọ́ta àpò yẹn kan náà síwájú wọn, pẹ̀lú bébà àti kálámù. Mo ní, "Ọjọ́ wo ni kí n sọ fún oníbàárà pé kí ó wá?" Ọmọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ya àtẹ aláwọ̀ mèremère sí orí Excel. Ọmọbìnrin kan ni kò kọ nǹkan kan. Ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, agbada mélòó ni a ní?"

Mo ní mẹ́fà.

"Mẹ́fà ni a ní, àbí mẹ́fà ni ó ń ṣiṣẹ́?"

Mẹ́rin ni ó ń ṣiṣẹ́. Méjì ti jò láti ìgbà òjò tí ó kọjá. Ó ní òun fẹ́ rí wọn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tí ń yan gàrí, ó kí i pé ẹ kú iṣẹ́ mà, ó ka ìṣẹ́jú lórí fóònù rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun tútù sínú agbada títí wọ́n fi kó o jáde: ogún ìṣẹ́jú. Ó ní kí wọ́n bá òun wọ̀n ọ́n: kílò 5. Kílò 15 ní wákàtí kan nìyẹn, 120 ní wákàtí mẹ́jọ, 480 lórí agbada mẹ́rin. Ó wá béèrè bóyá gbogbo àwọn ìyá náà ń wá ní ọjọ́ tí ọjà Àtàkúnmọ́sà bá kún, bí iná ìjọba bá lọ ta ni ó ń ra dísẹ́lì, àti pé ọjọ́ mélòó ni oníbàárà fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ fi kan. Nígbà tí ó máa kọ ìdáhùn rẹ̀, ìlà mẹ́rin péré ni. Tọ́ọ̀nù 3 yóò gba ọjọ́ mẹ́fà àti díẹ̀ ní ìdí agbada. Ẹ̀gẹ́ yóò fi ọjọ́ mẹ́ta kan ṣáájú. Kí a má ṣe rin ju èyí tí agbada lè yan lóòjọ́. Kí oníbàárà wá ní ọjọ́ kọkànlá, tàbí kí n tún agbada méjì tí ó jò ṣe. N kò bi í ní ìbéèrè mìíràn mọ́. Agbada méjì! Owó tí mo fi ra ẹ̀rọ yẹn ì bá tún ogún ṣe.

Ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ọ̀wọ́n. Àtẹ tí a ya ìlà sí, tí ọjọ́ wà lókè tí iṣẹ́ sì tò lápá òsì, tí Henry Gantt ará Amẹ́ríkà sọ di mímọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Ní 1913, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Ford Harris, ti kọ ìlànà tí a fi ń mọ iye tí ó yẹ kí a rà lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó má baà há sínú ọjà tí a tò pamọ́, kí owó ọkọ̀ àti ti ìtẹ̀wé má sì pọ̀ jù nítorí rírà ní díẹ̀díẹ̀. Orí rírà náílọ́ọ̀nù wa ni a ti kọ́kọ́ lo ìlànà náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń bàjẹ́ ni ẹ̀yìn tí a bá ti gba ènìyàn náà tán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá mọ àwọn oníbàárà, ó mọ ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀. Ọwọ́ aṣètò kò tó ibẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kèrègbè, níbi tí wákàtí àti kílò àti àpò wà, ọwọ́ ọ̀gá ti tóbi jù fún un. Bí ẹ bá gbà á síṣẹ́, tí ẹ sì tún ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ fún àwọn tí ń yan gàrí pé kí wọ́n fi ti Alhaji ṣáájú, ẹ ti ba pátákó rẹ̀ jẹ́, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí yóò tún wò ó. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ pé òun ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹni tí ń tajà má sì dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni láìbi í. Ẹ sanwó fún un bí ẹni tí ń ronú. Àádọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 gẹ́gẹ́ bí owó-oṣù tí ó kéré jù lọ kì í ṣe owó ẹni tí ó lè gba ogún àpò là.

Ní oṣù àkọ́kọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Kí ó máa kọ ohun tí a pinnu sí apá kan, ohun tí a ṣe gan-an sí apá kejì, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìdí tí wọn kò fi bára mu. Tiwa kọ́kọ́ yàtọ̀ síra púpọ̀, nítorí òjò, nítorí dísẹ́lì, nítorí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìdí wọ̀nyí ni ó kó jọ tí ó fi mọ ilé-iṣẹ́ mi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an pè mí láti Ìmọ̀ tí kò jìnnà sí wa níbí, ó ní òun fẹ́ ogún àpò ní ọjọ́ Friday nítorí ìnáwó. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lẹ́nu mi. Mo ní kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mo rìn lọ sí ìdí pátákó. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó fi ìka tọ ìlà kan, ó ní, "Friday kò lè ṣeé ṣe sà. Monday ni, agogo mẹ́wàá." Mo pe ẹ̀gbọ́n náà padà, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kò burú, òun yóò ra márùn-ún lọ́jà fún Friday, kí a bá òun tọ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó kù. Ọkọ̀ rẹ̀ dé ní Monday, àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.