Akọ̀wé Ìjọ ní Old Kent Road

Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí tí wọ́n ní kí n wá máa sin Olúwa nínú iṣẹ́ míṣọ̀n ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí mo rò ni pé n ó máa gbé Bíbélì kiri, n ó máa dúró ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì 53, n ó sì máa ké sí àwọn òyìnbó pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Bí a ti ṣe àmín tán, ìdì kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan hàn mí tí ó dàgbà ju gbogbo ọmọ Sunday School wa lọ, wọ́n sì sọ fún mi pé ní ti printer, àdúrà nìkan ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́.

Inú ọgbà àwọn ilé ìkẹ́rùsí kan ni ìjọ wa wà, kò jìnnà sí Old Kent Road. Ilé ìjọsìn àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ ní agbègbè yẹn débi pé, nígbà tí Yunifásítì Roehampton ka tiwa ní Southwark, agbègbè kánsù wa, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, ìjọ 240 ni wọ́n kà. Bí ẹnì kan bá ké "Halelúyà" lọ́dọ̀ wa, ó lè jẹ́ ìjọ kejì ni yóò ṣe àmín rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, nítorí pé ọjọ́ náà ni a ń ṣírò owó ọjọ́ Ìsinmi. Kí n tó bọ́ kóòtù mi, Ìyá Ìjọ ti pè: "Akọ̀wé, ọmọ mi, ṣé o ti dé? Bá mi wo fíríìjì, ìrẹsì mi kan wà níbẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kí àwọn akọrin rí i." Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí arákùnrin kan fi wọlé, tí ó ní kí n bá òun tẹ sítíkà tí òun yóò lẹ̀ mọ́ bàtà tí òun fẹ́ dá padà fún àwọn tí wọ́n tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí káàdì ìgbélùú ti di ohun tí a ń wò lórí ẹ̀rọ, àwọn àgbà ìjọ náà tún ń kó fóònù wọn wá bá mi. Alàgbà kan kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣí fìlà kí fóònù tó ya ojú òun, ó ní ìjọba tí ó bá fẹ́ mọ òun, kí ó mọ òun pẹ̀lú fìlà.

Gbogbo ìyẹn kò tíì kan iṣẹ́. Gift Aid ni iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹni tí ó ń san owó orí ní ilẹ̀ yìí bá fi £1 ta ìjọ lọ́rẹ, ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún un, bí olùtọrẹ bá ti lè kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́rìí pé owó orí tí òun san tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìjọba ni ó ń bá wa dá ọrẹ! Èmi rò pé ijó ni ìjọ yóò fi kọ orúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí àpò ìwé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, mo bá £20 nínú rẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ wà, olùtọrẹ kọ "Ọmọ Ọba." Níbi àdírẹ́sì, ó kọ "Ibi ìkọ̀kọ̀ Ọ̀gá Ògo, Peckham." Kò kọ postcode. £5 ń lọ báyìí, mo ń wò ó.

Àpò kejì jẹ́ ti "Ìyá Ìbejì." Ìyá Ìbejì wo? Ṣé a kì í ṣe Yorùbá ni? Mo pe Ìyá Ìbejì tí mo fura sí, mo kí i, mo béèrè ilé rẹ̀, mo bá ara mi nínú ìgbẹ́jọ́: "Ta ni ó fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ìjọba? Akọ̀wé, ṣé ibi tí a ti ń sá bọ̀ ni ẹ tún fẹ́ kó wa padà sí?" Arákùnrin kan tilẹ̀ fi Ìwé Mímọ́ dá mi lóhùn pé Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Òótọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ mọ orúkọ ọwọ́ ọ̀tún, ilé tí ó ń gbé, àti bóyá owó orí tí ó san tó. Lóòótọ́, ètò mìíràn wà fún owó kékeré tí kò ju £30 lọ, èyí tí a kò fi orúkọ sí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ, àwọn Ọmọ Ọba sì ti pọ̀ jù nínú ìjọ wa.

Ọ̀sán ni Pásítọ̀ wọlé, tí ó ní kí n kọ ìwé ìpè fún ajíhìnrere kan tí ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, kí ó lè fi gba físà. Mo béèrè ọjọ́ tí àlejò náà yóò padà.

"Bí Ẹ̀mí bá ti darí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹni tí yóò ka ìwé yìí fẹ́ rí déètì."

"Ṣé kí a fún Ẹ̀mí Mímọ́ ní déètì, Akọ̀wé?"

Mo kọ ọjọ́ 14. Bí Ẹ̀mí bá fẹ́ fi kún un, kí Ó bá àwọn aṣọ́bodè sọ ọ́.

Mo ti máa ń rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wa ni ó fa ìyà ìwé yìí, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí wọ́n fi jẹ oyè ní Canterbury ní 1864, kò bọ́ nínú rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS, ẹgbẹ́ míṣọ̀n ìjọ Áńgílíkà, ni wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ láti ilẹ̀ wa sí olú ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ní Salisbury Square ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìwé CMS náà sì wà ní Yunifásítì Birmingham títí di òní. Nígbà náà, ilé ni ó ń ròyìn fún Lọ́ńdọ̀nù. Nísinsìnyí, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń ròyìn fún ilé, nítorí pé olú ìjọ wa ní Nàìjíríà kì í sùn bí ìròyìn oṣù kò bá tíì dé.

Ìròyìn oṣù náà ni mo jókòó tì nígbà tí òṣìṣẹ́ kánsù pè. Ó ní aládùúgbò kan fi ẹjọ́ ìṣọ́ òru wa sùn, pé láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìdájí, àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, ọkùnrin kan sì ń fi ẹ̀rọ pàṣẹ fún iná pé kí ó máa jó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a ti pe àwọn panápaná. Mo ṣàlàyé fún un, ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ jù lọ nínú èyí tí mo ní, pé iná ẹ̀mí ni, àti pé àwọn ọ̀tá tí a ní kí ó jó kì í ṣe ará Southwark, abúlé ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mẹ́nu kan òfin ààbò àyíká ti 1990, ó sì béèrè aago tí ìṣọ́ òru tí ó ń bọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun fẹ́ wá.

Mo padà sídìí ìròyìn mi. Àyè wà níbẹ̀ fún iye ọkàn tí a bá sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àyè sì wà fún iye àwọn tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò wá sí ìsìn. Kò sí àyè fún sítíkà bàtà, kò sí fún fìlà alàgbà, kò sì sí fún ìrẹsì Ìyá Ìjọ tí mo fi gbogbo ọjọ́ ṣọ́. Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹnì kan. Òyìnbó ni, òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun fúnra rẹ̀ ni ó béèrè àkókò ìsìn."

Pásítọ̀ kà á, ó kígbe "Ògo!", ó sì pàṣẹ pé kí a fi àga kan sílẹ̀ fún àlejò wa níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ńlá. Èmi kò tíì sọ fún un pé ọkùnrin náà ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ariwo bọ̀.