Ilé Ọtí Ṣí, Kíṣìnì Tì

Àwọn ilé ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ti ṣe é fún mi lọ́jọ́ Sátidé! A gbéra láti Edale, abúlé kan ní England, a gun Kinder Scout, òkè tó ga ní mítà 636. Òjò ń pa wá, atẹ́gùn ń gbá wa létí. Nígbà tí a ó fi sọ̀kalẹ̀, ebi ti ń pa mí dójú ikú.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 35 ni mo wọ ilé ọtí abúlé kan, tèmi ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Ọmọbìnrin ìdí káńtà rẹ́rìn-ín músẹ́: “Ẹ má bínú, kíṣìnì ti tì láago méjì ààbọ̀. Ó di aago mẹ́fà.”

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré! Kí ló wá kù? Ìpékeré ọ̀dùnkún inú ọ̀rá, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ìpékeré lọ. Ẹni tó rìn láti àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ fìyẹn tàn?

Ẹ sọ fún màmá tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní gáréèjì Ìbàdàn pé kó lé oníbàárà torí aago. Á ní orí yín ti dàrú.

Mo bá yọ kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù mi níta. Àfi gbàgà, pátákó lára ògiri: ẹ má jẹ oúnjẹ àtiléwá níbí!